Bẹ́ńsì 230E kan tó kúrò lórí sípíríǹgì bọ́ sórí afẹ́fẹ́ ní Kábbà

Mercedes-Benz 230E ni ọkọ̀ náà, irú tí Mercedes ń pè ní W123, tí wọ́n ṣe jáde ní 1984. Ẹ́ńjìnì M102 oní-sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, lítà 2.3, K-Jetronic ló sì ń fún un ní epo, kì í ṣe kábúrétọ̀. Baba kan tó ti fẹ̀yìn tì sí Kábbà ló ni ín. Ohun tí baba béèrè kò gùn: kí ọkọ̀ ga sókè bí wọ́n bá ń gba ọ̀nà oko, kí ó jókòó sílẹ̀ dáadáa níwájú ilé lọ́jọ́ ayẹyẹ, kí AC tutù, kí iná sì mọ́lẹ̀ kedere fún ẹni tó ń ti Ẹ̀gbẹ̀ bọ̀ lálẹ́. Báàgì afẹ́fẹ́ ni ọ̀nà tí wọ́n yàn: àpò rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tó ń gbé ọkọ̀ dípò sípíríǹgì.

Ẹnì kan ti gbìyànjú ọ̀nà tó rọrùn jù ṣáájú. Ó gé òrùka kan àbọ̀ kúrò lára sípíríǹgì iwájú méjèèjì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀. Sípíríǹgì tí a bá gé máa ń le sí i ni, nítorí irin tó kù láti tẹ̀ ti kúrú. Ọkọ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo kòtò ló ń jẹ́ kí irin gbá rọ́bà ìdádúró. Ẹni náà tún dámọ̀ràn pé kí wọ́n yọ ọ̀pá sitabiláísà iwájú dànù kí àyè lè wà fún báàgì afẹ́fẹ́.

Ìmọ̀ràn yẹn lè pa èèyàn lára W123. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iṣẹ́ sitabiláísà kò ju kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní kọ́nà. Ẹni tó bá yọ ọ́ á máa gun ọkọ̀ tó ń fì bí ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n tàyà á ṣì wà ní ààyè rẹ̀. Ti ọkọ̀ yìí yàtọ̀. Apá òkè iwájú rẹ̀, irin tó di orí tàyà mú lókè, kò ní ẹsẹ̀ méjì tó lè dá dúró. Ara sitabiláísà ni wọ́n dè é mọ́, sitabiláísà náà ló sì ń dì í mú kí ó má baà lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò tí awakọ̀ sì tẹ bírékì gidi lórí ìsọ̀kalẹ̀ òkè, orí tàyà á yí lójú kan náà. Gbogbo ètò iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe yí ọ̀pá yẹn ká, láìfọwọ́ kàn án, àyàfi rọ́bà rẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀

Àwọn mẹkáníìkì tó gba iṣẹ́ náà gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, wọ́n sì fi òòlù kékeré àti sukurudíráfà gún gbogbo ibi tí W123 máa ń gbà jẹrà: ibi tí jáàkì ń wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, etí fẹ́ńdà iwájú nísàlẹ̀, irin ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, àti abẹ́ àwo tí bátìrì jókòó lé. Abẹ́ bátìrì ti lu. Wọ́n gé irin tó jẹrà kúrò títí dé ibi tí irin ti mọ́, wọ́n sì jó tuntun sí i. Ilé tí orí sípíríǹgì iwájú ń wọ̀ lókè ṣì le koko. Ká ní ibẹ̀ ló ti dípẹtà ni, kò ní sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ mọ́, nítorí báàgì yóò gbé gbogbo ẹrù igun ọkọ̀ lé ojú ibi kékeré kan níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ṣì. Wọ́n pààrọ̀ bọ́ṣì apá ìsàlẹ̀ iwájú, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, bọ́ṣì áídílà, bọ́ṣì apá ẹ̀yìn, àti rọ́bà ṣáfùtì méjèèjì tó ti là. Hóòsì bírékì tí rọ́bà rẹ̀ ti wú nínú náà lọ pẹ̀lú wọn. Gbogbo èyí kò ní afẹ́fẹ́ kankan nínú, òun ló sì gba àkókò jù. Ẹni tó bá gbé báàgì lé orí bọ́ṣì tó ti kú, báàgì ni yóò máa dá lẹ́bi fún ìró àti fífì tí bọ́ṣì ń fà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbójú fò lórí bọ́ṣì rọ́bà. Wọn kì í fún bóòtì rẹ̀ le nígbà tí tàyà ń rọ̀ dirodiro lófuurufú. Rọ́bà náà lẹ̀ mọ́ irin nínú àti lóde. Bí wọ́n bá fún un le níbi tí apá ti rọ̀ wálẹ̀, yóò máa wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀, yóò sì ya láìpẹ́. Wọ́n jẹ́ kí bóòtì dẹ̀ díẹ̀ títí báàgì fi wọlé, wọ́n gbé ọkọ̀ sí ìga tí yóò máa rìn, kí wọ́n tó fún wọn le. Lára ọkọ̀ tó ń lọ sókè sódò bíi ti baba yìí, ìga ìrìn ni ẹ ó fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe ìga ayẹyẹ.

Ìṣirò ẹrù àti afẹ́fẹ́

W123 rọrùn láti fi báàgì sí ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà rẹ̀ lọ, torí pé sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò sí nínú ara wọn. Níwájú àti lẹ́yìn, sípíríǹgì jókòó sórí apá, ṣọ́ọ̀kì sì dúró lọ́tọ̀. Ẹ lè yọ sípíríǹgì kí báàgì bọ́ sí ipò rẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà wúwo tó nǹkan bí 1,400 kg pẹ̀lú epo. Tàyà iwájú kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan bí 370 kg, ti ẹ̀yìn nǹkan bí 330 kg. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì kò sí lórí tàyà. Ó wà láàárín apá, níbi tó sún mọ́ ìdí tí apá ti ń yí, nítorí náà ẹrù tó ń bọ́ sórí rẹ̀ ju ti tàyà lọ. Wọ́n wọn apá méjèèjì: níwájú ó jẹ́ ìlọ́po 1.6, lẹ́yìn ìlọ́po 1.4. Ìyẹn ni pé báàgì iwájú yóò gbé nǹkan bí 590 kg, ti ẹ̀yìn nǹkan bí 460 kg. Báàgì tí wọ́n yàn jẹ́ irú alápò méjì tó gbé ara wọn, tí wọ́n ń tà ní orúkọ 2,500 páùn, ojú rẹ̀ tó ń ti ẹrù sì tó 130 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin ní ìga ìrìn. Ẹ pín 590 sí ọ̀nà 130, ẹ ó rí 4.5 kg lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 65 psi, ìwọ̀n tí àwọn fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ tàyà. Ti ẹ̀yìn á jẹ́ nǹkan bí 50 psi. Bí ìṣirò yín bá mú 100 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti gbé ọkọ̀ òfìfo, báàgì náà ti kéré jù nìyẹn, ẹ má rà á.

Yíyọ sípíríǹgì iwájú ló léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ọkọ̀ yìí ló ń dá apá dúró kí ó má baà rọ̀ jù. Ẹni tó bá tú ṣọ́ọ̀kì kí ó tó fún sípíríǹgì pọ̀, apá á já wálẹ̀, sípíríǹgì á sì fò jáde pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ egungun. Irin ìfúnsípíríǹgì tó ń wọ inú sípíríǹgì ni wọ́n lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́, torí ẹ̀gbẹ́ kò ní àyè. Wọ́n tún fi ṣéènì so sípíríǹgì mọ́ ara ọkọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n wá sípíríǹgì iwájú méjì mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò gé ní Ládipọ̀ l'Ékòó, wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn àti rọ́bà wọn, wọ́n sì fi pamọ́ sí yàrá baba. Wọn kò gé ohunkóhun lára ọkọ̀ tí kò ní ṣeé dá padà. Irú ọkọ̀ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́la lè má fẹ́ afẹ́fẹ́.

Irin ìdúró báàgì

Pílétì irin 6 mm ni wọ́n gé róbótó fún òkè àti ìsàlẹ̀. Ti òkè wọ inú ilé sípíríǹgì gẹ́lẹ́, kí ẹrù lè tàn ká etí ilé náà kí ó má baà dá lé àárín. Ti ìsàlẹ̀ jókòó sínú àwo tí sípíríǹgì ń jókòó sí lórí apá, wọ́n sì gbé báàgì sókè pẹ̀lú irin róbótó kúkúrú kí ó lè wà ní nǹkan bí ínṣì 5 nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní ìga ìrìn. Ìga yẹn ṣe pàtàkì: báàgì tó ń rìn ní ìga tó kúrú jù kò ní àyè láti rọ̀, èyí tó bá sì gùn jù kò lágbára.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n to gbogbo rẹ̀, àyè 20 mm wà láàárín báàgì òsì iwájú àti ògiri ilé sípíríǹgì. Ó dà bí ẹni pé ó tó. Lẹ́yìn ìrìn kékeré, àmì dídán kan ti wà lára rọ́bà náà. Ìdí ni pé wọ́n wọn àyè náà nígbà tí báàgì kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Báàgì máa ń sanra bí afẹ́fẹ́ bá wọ̀ ọ́, ó sì tún ń sanra sí i bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n sún ihò bóòtì pílétì ìsàlẹ̀ sí inú, wọ́n fi 100 psi sí báàgì, wọ́n wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí wọ́n gbé apá sókè àti nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀: ó ku 25 mm níbi tó há jù. Báàgì tó ti ní àmì náà kò padà sínú ọkọ̀.

Ohun mìíràn tó ń ba báàgì jẹ́ kíákíá ni bóòtì. Ihò báàgì wọ̀nyí jẹ́ 3/8 ínṣì, onílà 16 nínú ínṣì kan. Bóòtì M10 tí gbogbo ìsọ̀ ní Kábbà ń tà sún mọ́ ọn débi pé ó máa wọlé ní ìyí kan tàbí méjì kí ó tó le. Ẹni tó bá fi sípánà fipá yí i ti ba ojú ihò náà jẹ́, báàgì sì di ohun ìdànù. Bákan náà ni ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀: 1/4 NPT, irú ìlà páìpù ti Amẹ́ríkà, tó ní ìlà 18 nínú ínṣì kan. Fítíńgì tí àwọn pọ́lọ́ńbà ń lò jẹ́ BSP, irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà 19. Wọ́n á wọ ara wọn, wọ́n á tilẹ̀ le dáadáa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣíwọ́ jíjò. Fítíńgì kan báyìí ló wà lára táńkì ọkọ̀ yìí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Ìyẹn àti páìpù kan tí wọ́n fi púláyà gé ní ẹ̀gẹ́ níwájú lápá òsì ló jẹ́ kí táńkì pàdánù 30 psi láàárín òru kan. Páìpù náílọ̀nù gbọ́dọ̀ gé gbọọrọ pẹ̀lú abẹ tó mú, torí ojú tó bá gẹ́ kò ní dúró dáadáa lórí rọ́bà inú fítíńgì.

Wọn kò lo téèpù funfun pọ́lọ́ńbà síbi kankan tó ń lọ sí fáàfù. Ègé téèpù tó bá já á wọ inú fáàfù, fáàfù kò sì ní pa mọ́. Gọ́ọ̀mù olómi fún ìlà fítíńgì ni wọ́n lò, wọ́n sì fi ìlà méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù kàn án.

Kọ̀ńpírẹ́sọ̀, táńkì àti ibi tí wọ́n kó wọn sí

Inú búùtù ni gbogbo rẹ̀ wà, ní apá òsì. Ẹ kíyè sí i pé táńkì epo W123 wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, láàárín ìjókòó àti búùtù. Ẹni tó bá ń fẹ́ so nǹkan mọ́ ògiri iwájú búùtù tó sì gbé díríìlì síbẹ̀, epo ni yóò pàdé. Ilẹ̀ búùtù ni wọ́n lù, lẹ́yìn tí wọ́n ti wo abẹ́ rẹ̀.

Táńkì afẹ́fẹ́ jẹ́ gálọ́ọ̀nù 5, ìyẹn lítà 19. Súwíṣì rẹ̀ ń tan kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ní 110 psi, ó sì ń pa á ní 145. Láti mú báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òfo dé ìga ìrìn, nǹkan bí lítà 32 afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbà. Táńkì tó kún á bọ́ láti 145 sí nǹkan bí 120. Ọkọ̀ lè dìde pátápátá láìjẹ́ pé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ dún rárá. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ra táńkì gálọ́ọ̀nù 3 tó dín owó kù.

Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kan ṣoṣo ni, èyí tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ó bá ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú 10, ó nílò ìsinmi ìṣẹ́jú 20. Táńkì òfìfo gba á ní bíi ìṣẹ́jú 6 sí 7, nítorí náà kò sí wàhálà, àfi bí ẹnì kan bá ń fi ọkọ̀ jó fún àwọn ọmọdé níwájú ilé. Páìpù àkọ́kọ́ tó jáde lórí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun lóde, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ gbóná tó láti yọ́ náílọ̀nù. Fáàfù aláìpadàsẹ́yìn wà ní ìdí rẹ̀. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, afẹ́fẹ́ táńkì á máa padà sórí písítìnì, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kò sì ní lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fíúsì ni yóò máa jó.

Eruku ilẹ̀ Okun, agbègbè Kábbà yìí, kì í ṣe kékeré nígbà ọyẹ́. Wọ́n yọ fílítà kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì fi hóòsì gbé e lọ sẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì búùtù níbi tí eruku kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé. Ní ìgbà òjò, ìṣòro á yí padà: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa di omi bó bá ti tutù nínú táńkì. Wọ́n gbé táńkì kalẹ̀ kí ihò ìdomijáde rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì so kọ́ọ̀kì kékeré mọ́ ọn tó yọ sí abẹ́ ọkọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, kí baba ṣí i kí omi jáde.

Báàgì kọ̀ọ̀kan ní páìpù àti fáàfù tirẹ̀. Baba ti fẹ́ kí wọ́n so ọ̀tún àti òsì pọ̀ kí owó lè dínkù. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, ní kọ́nà, ẹrù á tẹ báàgì òde, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì sá lọ sí báàgì inú, ọkọ̀ á túbọ̀ wó sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ kí ó wó sí. Ẹni tó mọ àwọn kọ́nà orí òkè wa yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi owó pamọ́.

Ohun tó gbọ́n jù lọ nínú gbogbo ètò náà ló dínwó jù. Lórí páìpù báàgì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi fítíńgì alọ́nà-mẹ́ta sí i, wọ́n sì so fáàfù tàyà mọ́ ọn, irú èyí tí ó wà lára rímù, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ìlà kan nínú búùtù. Bí bátìrì bá kú, tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá jó, tàbí tí rílè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ààrin Mọ̀pà àti Ìsánlú, fọkanáísà èyíkéyìí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà lè fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà dìde. Kò nílò láti mọ ohunkóhun nípa báàgì. Kí baba sọ iye psi fún un ni.

Iná

Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ náà lè fa tó 30 ámípíà. Ọ́tánétọ̀ àtijọ́ ọkọ̀ yìí jẹ́ 55 ámípíà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì sì ń mí jẹ́jẹ́, kò lè mú tó ìdajì èyí jáde. AC, iná iwájú àti páǹpù epo K-Jetronic ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó dé. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo rẹ̀ wò pọ̀, fóltì wálẹ̀ sí 11.6, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ sì ń kùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n gbé ọ́tánétọ̀ 80 ámípíà ti W124, Bẹ́ńsì tó tẹ̀lé W123, wá, wọ́n pààrọ̀ wáyà tó ń ti ọ́tánétọ̀ lọ sí bátìrì sí èyí tó nípọn, fóltì sì dúró ní 13.8. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ́tánétọ̀ láìpààrọ̀ wáyà yẹn ń wá iná.

Láti bátìrì dé búùtù jẹ́ nǹkan bíi mítà 5. Rewáyà tó kọ́kọ́ wá mú wáyà 2.5 mm dání. Pẹ̀lú 30 ámípíà, wáyà yẹn yóò pàdánù fóltì kan gbáko lójú ọ̀nà, ooru tí yóò sì mú jáde lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì á tó wáàtì 30. Wáyà 8 AWG, tó nípọn jù ú lọ dáadáa, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìpàdánù rẹ̀ kò ju 0.3 fóltì lọ. Fíúsì 40 ámípíà wà níbi tí wáyà ti jáde lára bátìrì, kì í ṣe nínú búùtù: bí wáyà bá bó lójú ọ̀nà tó kan irin, fíúsì tó wà ní òpin kò lè gbà á. Súwíṣì táńkì ń gba iná láti ibi kọ́kọ́rọ́ kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ má baà máa ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí kò sẹ́ni nínú ọkọ̀.

Fíúsì àtilẹ̀wá W123 náà jẹ ìṣòro tirẹ̀. Irú olójú ṣóńṣó méjì ni. Funfun jẹ́ 8 ámípíà, pupa jẹ́ 16. Irin ojú rẹ̀ máa ń ṣe funfun díẹ̀díẹ̀, iná á sì máa wá, á máa lọ láìsí ìdí tí èèyàn lè rí. Wọ́n yọ gbogbo wọn, wọ́n fi sánpépà fọ ẹnu ibi tí wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì fi èyí tí irin rẹ̀ jẹ́ kọ́pà rọ́pò wọn. Ìyẹn nìkan wo ìdajì àwọn àìsàn iná tí baba ti kọ sílẹ̀ nínú ìwé kékeré tí wọ́n mú wá.

Iná iwájú dúró lórí gúlóòbù H4 60/55 wáàtì, pẹ̀lú rílè méjì àti wáyà tuntun tó ti bátìrì wá tààrà. Wọn kò fi LED sínú rẹ̀. Ojú gíláàsì H4 yẹn ni wọ́n ṣe fún wáyà kékeré tó ń jó ní ibì kan pàtó. LED kò jókòó síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ojú awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì tó ń bọ̀ ni yóò sì máa tàn sí.

AC ọkọ̀ náà ti wà fún gáàsì R12. Wọ́n fọ gbogbo páìpù rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ìlì àtijọ́, wọ́n fi ọ́ìlì ẹ́sítà sí i, wọ́n pààrọ̀ dírayà àti gbogbo rọ́bà róbótó, wọ́n sì fi R134a sí i ní nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n R12 tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Ẹni tó bá kún un dé ìwọ̀n àtijọ́ á rí i pé kò ní tutù, ìtẹ̀ á ga jù. K-Jetronic, wọ́n pààrọ̀ fílítà epo, wọ́n fọ táńkì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Tàyà, ìga àti ìrìn ìdánwò

Baba fẹ́ rímù ínṣì 18. Àwọn mẹkáníìkì sọ fún baba pé ẹ̀gbẹ́ tàyà tínrín kò lè dúró lórí ọ̀nà ibí. Kòtò kan á gé e mọ́ rímù. Baba gbà sí 15, oníhò bóòtì márùn-ún lórí òbírí 112 mm, pẹ̀lú tàyà 205/60R15. Gíga tàyà náà jẹ́ 627 mm. Ti àtilẹ̀wá, 195/70R14, jẹ́ 629. Géèjì eré kò ní purọ́. Bóòtì tàyà M12x1.5 ni wọ́n fún dé 110 Nm, wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́.

Kí wọ́n tó jáde, wọ́n tú gbogbo afẹ́fẹ́ dànù, wọ́n sì yí sítíà láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì. Bí báàgì bá ṣófo, rọ́bà ìdádúró ló gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀, kì í ṣe báàgì tó ká jọ bí aṣọ. Ìdánwò yìí kuna níwájú: tàyà ń ha etí fẹ́ńdà. Wọ́n fi rọ́bà ìdádúró tó gùn ní 15 mm sí i, ọkọ̀ sì dúró díẹ̀ sókè ju bí baba ṣe rò lọ nígbà tó bá wálẹ̀. Baba kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i. Ọkọ̀ tí kò lè fi báàgì òfo rìn jẹ́jẹ́ délé kò yẹ lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìga mẹ́ta ni wọ́n tọ́jú sínú ẹ̀rọ tó ń darí àwọn fáàfù: ìga ìrìn, tó bá ti sípíríǹgì àtilẹ̀wá mu, ìga oko, 40 mm sókè, àti ìga ayẹyẹ. Aláíńmẹ́ńtì ni wọ́n ṣe ní ìga ìrìn. Ìga oko kò wà fún eré tó ju 40 km/h lọ, torí pé ibẹ̀ ni igun ṣáfùtì ẹ̀yìn ti ń le jù, rọ́bà ìbòrí rẹ̀ á sì tètè la.

Ọ̀nà kọnkéré Kábbà sí Obájánà, kìlómítà 43, ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ó dára fún gbígbọ́ ìró tín-ín-rín nítorí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Wọ́n gbọ́ ìró kan níbi ìdí ẹ̀yìn, bóòtì ṣọ́ọ̀kì kan tí kò le tó ni. Lẹ́yìn náà wọ́n dorí kọ ọ̀nà Ìyàrà lọ sí Mọ̀pà. Ẹ̀yìn ń fò lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn kòtò kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í dá ara rẹ̀ dúró bó bá ti ń fò, ṣọ́ọ̀kì ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tuntun méjì onígáàsì yanjú rẹ̀.

Pẹ̀lú èèyàn méjì, iwájú 65 psi, ẹ̀yìn 50. Bí wọ́n bá kó èèyàn mẹ́ta sí i lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu nínú búùtù, tó jẹ́ nǹkan bí 300 kg, ẹ̀yìn á gba 70. Iye wọ̀nyí wà lára bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ìdérí búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fáàfù tàyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà ọyẹ́, baba máa kíyè sí i pé láàárọ̀ kùtù, táńkì á ka nǹkan bí 138 dípò 145, ọkọ̀ á sì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bí ooru bá bọ́ láti 34 sí 20 lóru, afẹ́fẹ́ á sún, iye yẹn gan-an sì ni ìṣirò fi hàn. Kí ẹnikẹ́ni má tú fítíńgì nítorí ìyẹn. Bí igun kan ṣoṣo bá wálẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù dúró, omi ọṣẹ ni kí ẹ mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti fáàfù, kí ẹ tó kan báàgì.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé e lé ẹsẹ̀ irin kọ́kọ́, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ kún tó. Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé e tí tàyà sì fẹ́ rọ̀ dirodiro, kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ dànù ṣáájú. Báàgì tó kún tí kò sì ní ẹrù lórí lè fa ara rẹ̀ kọjá ààlà. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ tó há láàárín àpò méjèèjì báàgì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi lásán, láìfi epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì kàn án. Bọ́ṣì ìdì difurẹ́ńṣà nìkan ni iṣẹ́ tó kù. Ó ti ń là, wọ́n sì ti bèèrè tuntun rẹ̀ l'Ékòó.